Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Inú Fíìmù: Bí Ológbò Ṣe Jogún Idà Zorro

 Nínú ìwé ìròyìn wa ti ìgbà yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí, ṣùgbọ́n tí a kò mọ orúkọ tí a lè pè é. Ó jẹ mọ́ fíìmù, ó jẹ mọ́ idà, ó sì tún jẹ mọ́ ológbò kan tó wọ bàtà.

Ìbéèrè mi nìyí: kí ló dé tí àwọn àgbà fi máa ń rẹ́rìn-ín níbì kan nínú fíìmù Shrek 2, tí àwa ọmọdé kì í sì í rẹ́rìn-ín níbẹ̀? Ológbò náà kò tíì ṣubú. Kò tíì ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó kàn fi idà kọ lẹ́tà kan sára igi ni. Àwa ń wò ó báyìí, àwọn àgbà ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé fíìmù náà ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn.

KÍ NI ÀBỌ̀ Ọ̀RỌ̀ INÚ FÍÌMÙ?

Gbogbo wa la ti kọ́ òwe yìí ní kíláàsì: àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò pọn dandan kí èèyàn sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Sọ díẹ̀, ẹni tó bá gbọ́n á parí ìyókù nínú ọkàn rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Òṣèré kan lè ti ṣe ipa kan tó gbajúmọ̀ gan-an. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òṣèré yẹn á wà nínú fíìmù mìíràn, á máa jẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn tó ṣe fíìmù tuntun yìí á wá fi nǹkan kékeré kan sí i tó máa rán wa létí ipa ti àtijọ́. Ó lè jẹ́ aṣọ, ó lè jẹ́ bó ṣe di idà mú, ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo. Wọn kò ní dá fíìmù dúró kí wọ́n sọ pé, "Ẹ rántí o, òun náà ló ṣe lágbájá nígbà yẹn." Wọ́n á sọ àbọ̀. Ẹni tó bá ti rí fíìmù àkọ́kọ́ á sọ ọ́ di odindi fúnra rẹ̀.

Mo fẹ́ fi òṣèré kan ṣe àpẹẹrẹ. Antonio Banderas ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Málaga ní ilẹ̀ Spéìn ni wọ́n ti bí i, ní ọdún 1960. Kí n tó dé orí ológbò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Zorro.

TA NI ZORRO?

Zorro kì í ṣe èèyàn gidi. Òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Johnston McCulley ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1919. Inú ìwé ìròyìn ni ìtàn náà ti kọ́kọ́ jáde, díẹ̀díẹ̀, bíi pé kí ẹ máa ka ìtàn kan nínú ìwé ìròyìn tiwa yìí láti ìgbà dé ìgbà. Ní èdè Spéìn, "zorro" ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Orúkọ yẹn yẹ ẹ́, nítorí pé alárèékérekè ni.

California ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, láyé ìgbà tí ibẹ̀ kò tíì di ti Amẹ́ríkà. Lójú gbogbo ayé, ọkùnrin olówó jẹ́jẹ́ kan ni. Tó bá di alẹ́, á wọ aṣọ dúdú, á de àkẹtẹ̀ dúdú, á so ìbojú mọ́ ojú, á gun ẹṣin dúdú, á sì lọ bá àwọn tó ń jẹ tálákà níyà jà. Tó bá ti ṣẹ́gun tán, á fi idà kọ lẹ́tà Z sílẹ̀, kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé òun ló wá. Z yẹn ni ìbuwọ́lùwé rẹ̀.

Ní ọdún 1920, òṣèré kan tó ń jẹ́ Douglas Fairbanks ṣe Zorro nínú fíìmù tí kò ní ohùn rárá. Ní ọdún 1940, Tyrone Power náà ṣe é. Ará Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì. Nígbà tó wá di ọdún 1998, fíìmù The Mask of Zorro jáde, Antonio Banderas ló sì ṣe Zorro. Ọmọ ilẹ̀ Spéìn gangan ni òun. Nínú fíìmù yẹn, orúkọ rẹ̀ ni Alejandro. Olè kékeré kan ni, kò mọ nǹkan kan nípa idà. Zorro àgbà, tí Anthony Hopkins ṣe, ti darúgbó, ó sì ń wá ẹni tó máa gba ipò òun. Ó bi Alejandro bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń lo idà tó dì mú. Alejandro dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ibi tó mú ni wọ́n fi ń wọ inú ẹnì kejì! Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

ẸNI TÓ KỌ́ WỌN NÍ IDÀ

Ẹnì kan wà tí orúkọ rẹ̀ yẹ kí a mọ̀, nítorí pé a kì í sábà rí ojú rẹ̀ nínú fíìmù. Ọ̀gbẹ́ni Bob Anderson ni. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì fi idà díje fún Bìrìtéènì ní Òlíńpíìkì ọdún 1952. Lẹ́yìn náà ló di olùkọ́ idà fún àwọn òṣèré. Òun ló kọ́ Banderas ní idà fún Zorro. Ó ti bá Errol Flynn ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn Star Wars, ẹ gbọ́ o: nínú The Empire Strikes Back àti Return of the Jedi, tí Darth Vader bá ń fi idà iná jà, òun ló sábà máa ń wà nínú aṣọ dúdú yẹn. Ó tún ṣiṣẹ́ lórí The Princess Bride àti The Lord of the Rings.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ìjà idà inú fíìmù kì í ṣe ìjà gidi. Ó sún mọ́ ijó ju ìjà lọ. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀: ìwọ gbé ẹsẹ̀ síwájú, èmi á gbé e sẹ́yìn, ìwọ sọ idà kalẹ̀, èmi á fi tèmi gbà á. Bí ẹni bá ti kọ́ ijó yẹn dáadáa, àwọn tó ń wò ó máa ń rántí bó ṣe jó o. Ìrántí yẹn ni fíìmù tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa ń lò.

OLÓGBÒ INÚ ÌWÉ ÀTI OLÓGBÒ INÚ FÍÌMÙ

Ológbò tó wọ bàtà ti pẹ́ ju Zorro lọ fíìfíì. Òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé kan, Charles Perrault, tẹ ìtàn rẹ̀ jáde ní ọdún 1697. Nínú ìtàn yẹn, bàbá kan kú, ó fi ọlọ ńlá tó fi ń lọ ọkà sílẹ̀ fún àkọ́bí, ó fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún èkejì, ológbò nìkan ló kù fún àbíkẹ́yìn. Inú ọmọ náà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ológbò ní kó má wulẹ̀ banú jẹ́, kó ṣáà wá àpò kan àti bàtà kan fún òun.

Ẹ wo ohun tó béèrè: àpò àti bàtà. Kò béèrè idà. Nínú ìtàn náà, ológbò yìí kò fi idà bá ẹnikẹ́ni jà. Ọgbọ́n ló ń lò, bíi Ìjàpá wa. Ó tan òmìrán kan títí òmìrán náà fi sọ ara rẹ̀ di eku, ológbò sì gbé e mì.

Nígbà tó di ọdún 2004, àwọn tó ṣe Shrek mú ológbò yìí wọ inú Shrek 2. Wọ́n ní kí Antonio Banderas wá fi ohùn rẹ̀ ṣe é. Àbí ẹ kò rí nǹkan? Ológbò tó wọlé kì í ṣe ti Perrault mọ́. Ó ní idà lọ́wọ́. Ó ní àkẹtẹ̀ lórí. Ó so aṣọ mọ́ ọrùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Faransé ló yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n bí ará Spéìn ló ń sọ̀rọ̀! Níbo ló ti rí idà yẹn? Níbo ló ti rí ohùn yẹn? Lọ́dọ̀ Zorro ni.

LẸ́TÀ P TÓ WÀ LÁRA IGI

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí àwọn àgbà ti ń rẹ́rìn-ín. Ọba Harold, bàbá Fiona, kò fẹ́ Shrek ní àna. Ó lọ sí ilé ọtí kan, ó sì háyà ológbò pé kó lọ pa á. Nínú igbó, ológbò fò jáde. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ìjà rárá, ó fi idà ha igi, fín-ín, fín-ín, fín-ín. Lẹ́tà P ló jáde. P ni lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ Puss, orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá sọ fún Shrek pé kó bẹ̀rù òun, tó bá láyà láti bẹ̀rù.

Ẹni tó bá ti rí Zorro á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Z ni Zorro ń kọ, P ni ológbò kọ. Ẹnì kan náà ló ń sọ̀rọ̀ nínú méjèèjì.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹ na ìka yín sókè báyìí, ẹ fi kọ Z sínú afẹ́fẹ́. Ìlà kan lọ sí ọ̀tún, ìlà kan gba ìdábùú wá sí òsì nísàlẹ̀, ìlà kan tún lọ sí ọ̀tún. Mẹ́ta péré, gbogbo rẹ̀ tọ́, ọwọ́ yín kò sì dúró. Z dára gan-an fún idà. Ẹ wá kọ P. Ìlà gígùn kan wá sísàlẹ̀, ó dáa. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́dọ̀ padà lọ sókè, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ kọrodo wá sí àárín. Idà kì í ṣe báírò! Kò rọrùn kí a fi irin gígùn tẹ nǹkan kọrodo sára igi. Nítorí náà, ológbò yìí ń ṣe ohun tó le ju ti Zorro lọ, pẹ̀lú ọwọ́ kékeré, kí ó lè ṣe bíi Zorro. Ìyẹn tún pa mí lẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn gbogbo ìhàlẹ̀ yẹn ńkọ́? Shrek wò ó, ológbò kékeré kan ló rí. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ irun ara rẹ̀ jáde lẹ́nu. Zorro kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ìdí nìyẹn tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fi dùn: ó kọ́kọ́ rán wa létí akọni, ó sì tún rán wa létí pé ológbò ni.

Ẹ tún wo ojú wọn. Zorro máa ń fi ìbojú bo ojú rẹ̀. Ológbò kò wọ ìbojú kankan. Ojú gan-an ni ohun ìjà rẹ̀! Tó bá ti ṣí àkẹtẹ̀, tó la ojú rẹ̀ rogodo, tó wò yín bí ọmọ tí kò tíì jẹun láti àárọ̀, ẹ ti tán nìyẹn.

BÁWO LA ṢE MÁA MỌ̀ PÉ ÒÓTỌ́ NI?

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Tí èèyàn bá ti mọ̀ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ wà nínú fíìmù, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí i níbi gbogbo, kódà níbi tí kò sí. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ pé gbogbo nǹkan ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ lójú rẹ̀. Tí ẹnì kan bá wọ aṣọ dúdú, "Zorro ni!" Tí ẹnì kan bá gun ẹṣin, "Zorro ni!" A ti jiyàn lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú bọ́ọ̀sì. Nítorí náà, mo ṣe ìbéèrè mẹ́ta tí a lè fi dán an wò.

Àkọ́kọ́: ṣé òṣèré kan náà ni?

Èkejì: tí ẹlòmíràn bá ṣe ipa yìí, ṣé nǹkan yẹn á ṣì wà níbẹ̀? Tí ìtàn bá nílò rẹ̀ bí ó ti wù kó rí, a jẹ́ pé ó lè máà jẹ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta: ṣé ó ju ẹyọ kan lọ? Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Tí a bá rí méjì tàbí mẹ́ta pa pọ̀, ọkàn wa á balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lò wọ́n. Ní ọdún 2001, Banderas ṣe bàbá àwọn ọmọ inú Spy Kids. Òṣèré kan náà ni, ó gba máàkì nínú ìbéèrè àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n pé ó wà níbẹ̀ nìkan kò sọ ọ́ di Zorro. Iṣẹ́ ló lọ ṣe. Bàbá kan lè ṣe dókítà ní Mọ́ńdè kó sì jẹ́ kóòṣì bọ́ọ̀lù ní Sátidé, èèyàn kò ní sọ pé ó ń wo aláìsàn lórí pápá.

Àkẹtẹ̀ ológbò náà ńkọ́? Ó jọ, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Ti Zorro pẹlẹbẹ ni, kò ní nǹkan kan lórí. Ti ológbò ní ìyẹ́ tó dúró gbagidi. Ìyẹn tún lè jẹ́ ti àwọn jagunjagun ọba ilẹ̀ Faransé àtijọ́ tí a máa ń rí nínú fíìmù. Nítorí náà, mo fún àkẹtẹ̀ ní ìdajì máàkì.

Lẹ́tà P ńkọ́? Òṣèré kan náà ni. Ìtàn kò nílò rẹ̀ rárá, nítorí pé ológbò lè fò jáde kó sì bẹ̀rẹ̀ ìjà lójú ẹsẹ̀. Idà àti ohùn Spéìn sì tún tẹ̀ lé e. Máàkì mẹ́ta nínú mẹ́ta.

Ní ọdún 2011, ológbò ní fíìmù tirẹ̀, Puss in Boots. Níbẹ̀, olè kan tó wọ ìbojú bá a jà, wọ́n sì fi ijó bá ara wọn díje. Ẹ rántí pé mo ní ìjà idà sún mọ́ ijó! Nígbà tí ìbojú kúrò, obìnrin ni. Kitty ni orúkọ rẹ̀, Salma Hayek ló fi ohùn ṣe é. Nínú The Mask of Zorro, Zorro tó wọ ìbojú bá Elena, tí Catherine Zeta-Jones ṣe, fi idà jà, ó sì bá a jó níbi àríyá. Nínú ti ológbò, wọ́n yí i po: obìnrin ló wọ ìbojú, akọni ló yà lẹ́nu. Mo fún un ní máàkì méjì, nítorí pé ìtàn nílò kí Kitty fi ara pa mọ́ ná.

Ìkookò inú The Last Wish ti ọdún 2022 ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi yẹn ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ìkookò jọ jẹ́ ẹbí, nítorí náà, Zorro ni. Rárá o. Wagner Moura, ọmọ ilẹ̀ Brasil, ló fi ohùn ṣe ìkookò náà, kì í ṣe Banderas. Dòjé méjì ló ń lò, kì í ṣe idà. Ikú ló sì jẹ́, ìtàn náà kò lè dúró láìsí i, nítorí pé ẹ̀mí mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ológbò ti lọ. Òdo nínú mẹ́ta.

ÀBẸ́LÀ TÍ WỌ́N GÉ LẸ́Ẹ̀MEJÌ

Àwọn èèyàn ti ń ṣe irú eléyìí kí wọ́n tó bí àwọn òbí wa. Òṣèré kan wà tó ń jẹ́ Basil Rathbone. Òun ni ọ̀tá inú fíìmù ìjà idà láyé ìgbà yẹn. Ní ọdún 1938, ó bá Errol Flynn jà nínú The Adventures of Robin Hood. Ní ọdún 1940, ó bá Tyrone Power jà nínú The Mark of Zorro. Nínú ti Zorro yẹn, Rathbone fẹ́ fi bí òun ṣe mọ idà tó hàn. Ó gé orí àbẹ́là kan, orí rẹ̀ sì fò lọ. Power náà fi idà gba àbẹ́là kejì. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Rathbone rò pé kò bà á. Ìgbà náà ni Power fi ọwọ́ gbé orí àbẹ́là náà kúrò. Ó ti gé e, ó gé e mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò mì rárá.

Ní àárín àwọn ọdún 1950, Rathbone tún ṣe ọ̀tá nínú fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan, The Court Jester. Danny Kaye ni ẹni tó ń bá jà. Wọ́n ti fi oògùn ọ̀rọ̀ mú Danny Kaye: tí ẹnì kan bá ta ìka, á di akọni oníidà; tí wọ́n bá tún ta ìka, á padà di ojo. Ó fi idà gba àwọn àbẹ́là tó wà lórí ìlà. Wọn kò ṣubú. Rathbone rẹ́rìn-ín. Danny Kaye wá fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, fùú, gbogbo orí wọn sì wó lulẹ̀.

Ọkùnrin kan náà ni wọ́n fi àbẹ́là tàn lẹ́ẹ̀mejì! Àkọ́kọ́ le, èkejì jẹ́ yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé Rathbone gbà kí wọ́n fi òun ṣeré. Ó mọ̀ pé àwọn èèyàn á rántí, kò sì bínú. Máàkì mẹ́ta nínú mẹ́ta.

ÈWO LÓ KỌ́KỌ́ WÁ?

Dádì mi wo The Mask of Zorro lórí fídíò ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó wá sí ìlú yìí. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n rí ológbò, Zorro ni wọ́n rántí. Ṣùgbọ́n a kò tíì bí èmi nígbà tí Shrek 2 jáde. Ológbò ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí Dádì mi wá jẹ́ ká jọ wo Zorro, bí Banderas ṣe la ẹnu báyìí, ẹ̀rín pa mí. Ohùn ológbò ni mo gbọ́! Dádì mi ní, "Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ọ̀rọ̀ gidi ló ń sọ." Ìgbà yẹn, èmi ni mo mọ ìdí, àwọn ni kò mọ̀ ọ́n.

Èyí mú mi ronú. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti àgbà nìkan. Ẹni tó bá ní àbọ̀ kan lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wá ẹni tó ní àbọ̀ kejì. Ó tún mú mi ronú nípa nǹkan tó kan gbogbo wa ní kíláàsì yìí. Tí a bá lọ sí ibi àríyá, àwọn àgbà máa ń pa òwe. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, gbogbo tábìlì á bú sẹ́rìn-ín. Àwa tí wọ́n bí síbí, a gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Tí a bá béèrè, wọ́n á ní, "O ò lè mọ̀ ọ́n, ọmọdé ni ẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí díẹ̀, nítorí pé kì í ṣe orí wa ni kò pé. A kò tíì rí fíìmù àkọ́kọ́ ni.

Àwọn àgbà ní òwe kan: òwe òwe là ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló kọ́ ọlọ́gbọ́n yẹn ní ijó náà. Banderas pàápàá ní olùkọ́ idà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí wa, mo bẹ̀ yín: tí ẹ bá rẹ́rìn-ín tí àwa kò rẹ́rìn-ín, ẹ má fi wá sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fi fíìmù àkọ́kọ́ hàn wá. Ẹ sọ ìtàn tí òwe náà ti wá. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ẹ̀YIN NÁÀ Ẹ DÁN AN WÒ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ mú òṣèré kan tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ bi àwọn òbí yín pé ipa wo ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó wo fíìmù náà, nítorí pé àwọn kan kò tíì yẹ fún wa. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta tí ẹ rántí níbẹ̀ sílẹ̀: aṣọ rẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà rìn tàbí jà, àti ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo fíìmù rẹ̀ tuntun pẹ̀lú wọn. Tí ẹ bá rí nǹkan tó jọ ọ́, ẹ dá fíìmù dúró, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn, ẹ fún un ní máàkì láti òdo dé mẹ́ta.

Tí ẹ̀yin àti àwọn òbí yín kò bá fún un ní iye máàkì kan náà, ẹ jiyàn pẹ̀lú sùúrù, ẹ sì jiyàn náà ní èdè Yorùbá. Ẹ mú èyí tó gba mẹ́ta nínú mẹ́ta wá sí kíláàsì ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo ti fi ojú ewé kan sílẹ̀ nínú ìwé mi fún tiyín.